Ta Ló Gbé Mọ̀núrù Jáde Nínú Omi

Plymouth, England
Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, 1957

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí yín, mo kí Màámi, mo kí Memunat àbúrò mi àti gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ṣé ara yín le? Ṣé Memunat ti parí iṣẹ́ aránṣọ tó ń kọ́? Ara èmi àti Bashiru ọkọ mi le, a dúpẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́ ku ọdún kan gééré. Bashiru náà ń bá ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìgbà ooru la wà níbí báyìí, ṣùgbọ́n ooru wọn kò ju ọyẹ́ Èkó lọ.

Mọ̀núrù, àbúrò Bashiru tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní ìparí oṣù yìí. Nítorí tirẹ̀ la ṣe fẹ́ ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹ má gbọ́ ọ lóde. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti mòòkùn. Bashiru ló kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ náà, mo sì tẹ̀lé e. Mọ̀núrù ti kọ́ tirẹ̀ ní Liverpool. Àgbá irin kékeré kan ni wọ́n ń dì mọ́ni lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni wọ́n rọ kún inú rẹ̀. Rọ́bà kan ti ibẹ̀ wá sí ẹnu. Ènìyàn á fi dígí bo ojú àti imú, á wọ bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, á sì wà nísàlẹ̀ omi fún bí ìdajì wákàtí, á máa mí bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ fi ogún ọdún wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà pẹ̀lú èémí kan ṣoṣo, ẹ̀yin ni mo rántí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mí nínú omi. Ẹ̀rín pa mí, omi sì wọ̀ mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù yìí ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ sójú òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí n tó lọ. Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé omi fẹ́ ru kó tó ru?

Ọmọ yín,
Àmúdàtù


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ, 1957

Àmúdàtù ọmọ mi,

Wàlékùm sàlámù. Lẹ́tà rẹ dé. Mo ń kà á sókè fún ìyá rẹ àti Memunat. Nígbà tí mo dé ibi àgbá irin, mo dákẹ́, mo fi ojú ka ìyókù. Ìyá rẹ ní kí ló dé tí mo dákẹ́. Mo ní ojú ń dùn mí.

Mo rán ọ lọ sí ìlú òyìnbó kí o lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. N kò rán ọ lọ sísàlẹ̀ òkun. Àwa méjìlá la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yanrìn. Ó ku èmi àti ẹnìkan tí etí rẹ̀ ti di. Àwọn yòókù kì í ṣe aláìmọ̀wẹ̀ o. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́ sí èbúté. Bí ó bá sì rí báyìí fún ọkùnrin, kí ni obìnrin ń wá níbẹ̀?

O bi mí bí mo ṣe ń mọ̀ pé omi fẹ́ ru. Kò kàn ọ́, nítorí o kò ní wọ omi. Bí ìwé yìí bá bá ọ kí o tó lọ, má lọ. Bí o bá ti lọ, má lọ mọ́. Sọ fún Bashiru pé èmi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Memunat ku oṣù mẹ́ta kó gba òmìnira iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, 1957

Àmúdàtù,

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo ti kọ̀wé sí ọ, n kò rí èsì. Ṣé ọwọ́ rẹ ti rọ ni, àbí ìwé bàbá rẹ kò tó èsì fún?

Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Lánàá, lẹ́yìn ìrun àsárì, ìyá Bashiru wá láti Olówógbowó pẹ̀lú obìnrin méjì láti agboolé wọn. Kò jókòó sórí àga tí Memunat gbé fún un. Ó yọ lẹ́tà ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní kí n kà á kí gbogbo ilé gbọ́. Mo kà á. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìwọ lo ní dandan kí ẹ lọ sójú òkun lọ́jọ́ náà. Pé ìjì dé, Mọ̀núrù sì há sísàlẹ̀ omi. Pé Bashiru ló padà mòòkùn, tó gbé àbúrò rẹ̀ jáde, nígbà tí ìwọ jókòó sínú ọkọ̀ tí ò ń ké.

Ìyá Bashiru ní, “Ẹ̀yin àna wa, ọmọ méjì péré ni mo bí. Ọmọ yín fẹ́ pa àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.”

Mo wolẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá rẹ kàn ń wo ẹnu mi.

Ohun tí wọ́n fẹ́ ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ láti ọwọ́ rẹ. Kọ ọ́ sí ìyá ọkọ rẹ, kí o sọ pé o jẹ̀bi, kí o sì ṣèlérí pé o kò ní dé etí òkun mọ́. Kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ. Ojú ń tì mí láti gba Apọ́ngbọ̀n kọjá.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Plymouth
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, 1957

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Okùn ló bó mi látẹ́lẹwọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi ò lè di kálàmù mú. Ìyẹn nìkan kọ́. Mò ń dúró kí Bashiru kọ́kọ́ sọ òótọ́ sílé fúnra rẹ̀. Ó ti wá kọ tirẹ̀ báyìí, èmi náà á kọ tèmi.

Mi ò ní purọ́ fún yín: lẹ́tà yín bá mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, ó ku ọ̀la ká lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ yín nìyẹn, mo gbà á. Ìyókù kì í ṣe tèmi.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la kúrò ní èbúté. Bashiru yá ọkọ̀ kékeré elẹ́ńjìnnì kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àgbá méjì la ní. Àwọn ọkùnrin á kọ́kọ́ lọ, èmi á ṣọ́ ọkọ̀, lẹ́yìn náà Mọ̀núrù á fún mi ní tirẹ̀. Nígbà tí a dé ibi àpáta tí ẹja pọ̀ sí, mo wo iwájú. Afẹ́fẹ́ ti yí padà. Omi ọ̀ọ́kán ti dúdú, orí rẹ̀ ń hó funfun. Lábẹ́ ọkọ̀ tiwa, omi ń wú sókè láìfọ́, bí ikùn ẹni tó ń sùn. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mò ń gbé oúnjẹ wá bá yín ní èbúté, mo máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín pé omi tó bá ń wú láìfọ́, ká máa lọ sílé ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bashiru.

Ó ní, “Ọ̀sà ni bàbá rẹ mọ̀. Òkun nìyí.”

Mo ní, “Omi ni omi.”

Ó ní, “Ọ̀la ni ọkọ̀ Mọ̀núrù ń ṣí. Tí a ò bá ṣe é lónìí, ó di ìgbà wo?”

Mọ̀núrù wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe.

Wọn ò tíì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí ìgbì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè, tó ń là á mọ́lẹ̀. Bashiru yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun nìkan. Mo fà á wọlé. Ó bì, ó dùbúlẹ̀ sórí pákó. Mo ní Mọ̀núrù ńkọ́? Ó ní òun ò rí i mọ́. Mo ní kó padà lọ. Ó mi orí. Bàbá, ọkọ mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì lè ba ẹnikẹ́ni. Mi ò bú u nítorí ẹ̀rù. Mo tú àgbá kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo dì í mọ́ tèmi, mo di okùn ìdákọ̀ró mú, mo sì tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀.

Ilẹ̀ ti dàrú mọ́ omi, mi ò rí ju ibi tí ọwọ́ mi gùn dé lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí ibi tí omi ti ń hó lọ sókè. Èémí ènìyàn ni, mo tẹ̀lé e. Okùn ìgèrè kan tí àwọn apẹja dẹ sílẹ̀ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Bó ṣe ń jà ló túbọ̀ ń fún un. Mo di orí rẹ̀ mú títí ó fi wò mí lójú, mo fi ọ̀bẹ ìbàdí mi gé okùn. Ó kù díẹ̀ ká yọ sókè ni rọ́bà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó mu omi, ó sì rọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbì ti fa ìdákọ̀ró tú, ọkọ̀ ti sún jìnnà sí wa. Mo yí ojú rẹ̀ sí òfúrufú, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo sì ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ lọ, ìgbì ń bò wá, títí Bashiru fi ju okùn sí wa. Okùn yẹn ló bó mi lọ́wọ́. Omi ti pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ apẹja kan ló fà wá dé èbúté.

Mọ̀núrù lo ọjọ́ mẹ́rin ní ọsibítù, ọkọ̀ rẹ̀ ṣí lọ, ó fi í sílẹ̀. Ó mọ ojú ẹni tó rí nísàlẹ̀ omi. Ó ní òun ò lè já ẹ̀gbọ́n òun nírọ́ ni.

Ẹ ní kí n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́. Tí mo bá kọ ọ́, ọmọ mi tí mo máa bí lọ́la á kà á, á sì gbà á gbọ́.

Ọmọ yín,
Àmúdàtù


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, 1957

Àmúdàtù,

Mo ka ìwé rẹ. N kò kà á fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbà ọ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ omi tó ń wú láìfọ́ ni mo fi mọ̀. Ṣùgbọ́n fetí sí mi. Bí o bá sọ fún ayé pé ọkọ rẹ dùbúlẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń kú lọ, ojú wo ni yóò fi wo ènìyàn ní Olówógbowó? Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ dójú tì kì í gbàgbé, ìwọ lo sì máa bá a gbé. Ohun kejì ni pé kò sí ẹni tó máa gbà ọ́ gbọ́. Mọ̀núrù rí bí òpó ilé. Ìwọ, lọ́jọ́ tí o ń wọ ọkọ̀ lọ, ẹ̀rù ń bà wá kí atẹ́gùn má gbé ọ. Wọ́n á ní o tún fi irọ́ lé ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn àna ti dá ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá. Bí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò bá dé kí ó tó di ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí Bashiru kí ó dá ọ padà sílé. Kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta ni. Bí o kò bá kọ ọ́, èmi yóò lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní orúkọ rẹ.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Plymouth
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, 1957

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ èyí. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ ní orúkọ mi. Mi ò rán yín.

Tí Bashiru bá fẹ́ dá mi padà, kó dá mi padà. Aláìsàn wà ní Èkó náà, mi ò ní jókòó lásán. Ó ti ka ìwé yín, ó sì jáde lọ. Inú ilé kan náà la wà, bí àlejò la ṣe ń kí ara wa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ ka lẹ́tà mi ti oṣù kẹwàá fún Màámi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fo ibì kankan. Mo ti da ọ̀rọ̀ kan náà kọ sí Memunat, kó lè mọ̀ tí ẹ bá fo ibì kan.

Ọmọ yín,
Àmúdàtù


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá, 1957

Àmúdàtù ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka ìwé yìí.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ. N kò fo ibì kankan. Memunat dúró sẹ́yìn mi. Nígbà tí mo parí, ìyá rẹ ní kí n tún ibi tí o ti ti ọwọ́ bọ abẹ́ àgbọ̀n Mọ̀núrù kà. Mo tún un kà. Ó ní ó dáa, ó sì lọ dáná.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi, ìyá rẹ àti Memunat gba Apọ́ngbọ̀n dé Olówógbowó. Bí ogún ènìyàn ló ti jókòó sí ẹ̀yìn ilé wọn, níbi tí ọ̀sà ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Alàgbà Sámúẹ́lì, télọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn, ni wọ́n fi ṣe onílàjà. Mo ti pinnu láti dọ̀bálẹ̀, n kò ní fi í pamọ́ fún ọ. Mo ti ká ẹ̀wù mi sókè nígbà tí ìyá rẹ di apá mi mú.

Ó ní, “Bàbá Àmúdàtù, ẹ dúró ná.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí o ṣe kọ ọ́, kò fi ẹyọ kan kún un. Ìyá Bashiru rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Obìnrin wo ló lè gbé ọkùnrin tó tó Mọ̀núrù jáde nínú omi? Bàbá ló wa yanrìn, ẹ bi wọ́n.”

Gbogbo wọn wò mí. Kí n tó rí ohun tí mo máa sọ, ìyá rẹ ti dáhùn. Ó ní, “Ọkọ mi ga ju Mọ̀núrù lọ, wọ́n sì wúwo jù ú lọ. Kí wọ́n wọ omi. Èmi á gbé wọn jáde.”

Mo ní n kò wọ ibì kankan. Alàgbà Sámúẹ́lì ní, “Ẹ jẹ́ ó tán síbẹ̀, bàbá. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.” Bóyá nítorí ìyẹn ni, bóyá nítorí ẹ̀rín ìyá Bashiru, mo bọ́ ẹ̀wù àti fìlà, mo wẹ̀ lọ débi tí ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Inú ń bí mi sí ìyá rẹ. Mo pinnu pé n kò ní ràn án lọ́wọ́ rárá. Mo tú èémí jáde, mo sọ ara mi di òkú igi, mo rì.

Abẹ́ omi ni mo wà tí mo gbọ́ ìró ẹni tó bẹ́ sómi. Mo rò pé yóò dì mọ́ mi lápá, kí àwa méjèèjì jọ máa rì, bí àwọn tí kò mọ̀ ṣe ń ṣe. Kò dì mọ́ mi. Ẹ̀yìn ló gbà yọ sí mi. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àgbọ̀n mi, ó yí ojú mi sí òfúrufú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti omi. Mo fẹ́ wúwo, n kò rí i ṣe. Omi kì í jẹ́ kí ènìyàn wúwo. Èmi tí mo fi ogún ọdún gbé inú rẹ̀ ni mo gbàgbé ìyẹn. Ó wọ́ mi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹrù, ó dìde, ó sì ń fún omi kúrò létí ìró rẹ̀.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ìyá Bashiru, ó ní, “Ìyàwó ọmọ yín ló gbé ọmọ yín jáde. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ò wá bẹ̀bẹ̀.” Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lọ sílé. Èmi àti Memunat tẹ̀lé e gba àárín Apọ́ngbọ̀n, omi ń kán lára èmi àti ìyá rẹ, gbogbo ènìyàn ń wò wá. Mo gbé orí sókè.

Alàgbà Sámúẹ́lì sọ fún mi lónìí pé ìyá Bashiru ti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ láti bi í léèrè. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ yẹn, má kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá ọ padà, ilé bàbá rẹ kò tíì wó.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Plymouth
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá, 1957

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró. Mi ò gbé e pamọ́, mo fi lé Bashiru lọ́wọ́. Ó kà á dé ibi tí Màámi ti ń fún omi létí ìró, ó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà ìyá rẹ̀ dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: ta ló gbé Mọ̀núrù jáde nínú omi? Bashiru jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé òfìfo níwájú rẹ̀ títí tíì rẹ̀ fi tutù. Ohun tó kọ nìyí, ó fi hàn mí: “Màmá, Àmúdàtù ni. Ó ní ká má wọ omi, mo wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì parọ́ fún yín nítorí ìtìjú.” Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá a lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, a sì jọ lọ fi í sí àpótí ìwé.

Mọ̀núrù ti rí ọkọ̀ mìíràn, ó ti ṣí lọ. Kó tó lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi ní ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn òyìnbó ń wò ó.

Bàbá, tí òtútù yìí bá kọjá, ní oṣù karùn-ún, mo tún ń lọ sísàlẹ̀ òkun. Mò ń sọ fún yín ni, mi ò tọrọ àyè. Bashiru ti gbà pé ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá ní ká padà, a ó padà.

Ọmọ yín,
Àmúdàtù


Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní, 1958

Àmúdàtù,

Èmi ìyá rẹ ni, Memunat ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má tún un ṣe.

Ìyá Bashiru wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó, ó sì mu omi. Ó ní kí n bá òun sọ fún ọ pé o ṣeun. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, mo ti jẹ́ ẹ. Ojú tì í, mo rí i, mi ò tẹ̀ ẹ́ sí i.

Má fi ọ̀rọ̀ yìí kọrin fún ọkọ rẹ lójoojúmọ́. Ó ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, ó tó. Ṣùgbọ́n tó bá tún purọ́ mọ́ ọ, èmi ni kí o kọ̀wé sí, má kọ ọ́ sí bàbá rẹ.

Mo gbọ́ pé o tún ń lọ. Máa lọ. Má jẹun yó kí o tó wọ omi, kí o sì so irun rẹ dáadáa.

Bàbá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ Olówógbowó. Lọ́jọ́ kẹrin ó bi mí níbo ni mo ti kọ́ ìwẹ̀. Mo ní Ẹ̀pẹ́ ni, létí ọ̀sà tí wọ́n bí mi sí, pé kí n tó tó ẹni tó ń so ìró ni mo ti fa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde nínú omi. Ó ní kí ló wá dé tí mi ò sọ ọ́ fún òun láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nílé òun.

Mo ní kò bi mí.

Ìyá rẹ